Ìgbẹ́ Dúdú tí O Kò Wá Wò

Agbo ilé wa,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Aláásárì.

Ṣẹrífátù ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú iṣẹ́, nítorí bí inú ṣe ń bí mi tó yìí, a kì í torí ìbínú kọ ìkíni. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo ti pè ọ́ láti ọjọ́ Jímọ̀. O ò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí Wàsáàpù, mo sì rí i pé o gbọ́ ọ, nítorí àmì méjèèjì ti di búlúù. O ò fèsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra báírò àti ìwé. Èèyàn ò lè pa lẹ́tà bí wọ́n ṣe ń pa fóònù, àfi kó fà á ya, ìwọ náà ò sì tíì burú débẹ̀ yẹn.

Ó ti wà lọ́kàn mi láti kọ lẹ́tà sí ọ láti ìgbà tí o ti gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí ilé ìwòsàn aládàáni yẹn ní Lẹ́kí, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Lẹ́tà ayọ̀ ni mo rò pé yóò jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni èmi náà fi wọ aṣọ funfun kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti to ìmọ̀ràn jọ sínú fún ọ: bí wọ́n ṣe ń bá mátírọ́nù sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀ tó ń dúró láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìwọ lo bà á jẹ́. Ìbínú ló ń kọ èyí, èmi kàn ń bá a di báírò mú ni.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà ní o kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ọjọ́ Àìkú tí o bá wálé ni agbo ilé ń tò sí ẹnu ọ̀nà wa. Nọ́ọ̀sì wa ti dé. Ẹni tí orí ń fọ́, ẹni tí inú ń run, ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà. O ní bàágì kan tí oògùn kún inú rẹ̀. O máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé wọn kúrò nínú páálí, wàá pò wọ́n sínú nílọ́nù kékeré tí kò ní orúkọ, pupa kan, yẹ́lò kan, funfun méjì, wàá ní kí wọ́n lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí àwọn oní-kẹ́mísì àdúgbò wa ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Èèyàn á dé ibẹ̀, á ní "ẹ pò ó fún mi," wọn á pò ó, á gbé e mì, á sì máa lọ. Mo sọ fún ọ lẹ́ẹ̀kan pé kò dára. O rẹ́rìn-ín, o ní èèyàn wa ni wọ́n, wọn ò ní káàdì ilé ìwòsàn. Mo dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kí mi ní ìyá nọ́ọ̀sì ń dùn mọ́ mi. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó kọ tìrẹ.

Ìyá Múrí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ẹni tó wẹ̀ ọ́ ní ìkókó nígbà tí èmi ò lè dìde, wà lára àwọn tó ń tò. Orúnkún ló ń dùn ún. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn o po oògùn fún un, orúnkún náà rọlẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa láì di ògiri mú. Kò sí ẹni tó sọ fún mi nínú ẹ̀yin méjèèjì. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, o gbé ìgò oògùn olómi funfun fún un, antásíìdì, o ní kó máa mu ún bí inú bá ti ń ta. Inú náà dákẹ́. O tún po nílọ́nù mìíràn fún un.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá ó pè ọ́. Yàrá kan náà la wà, mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ó fi fóònù sí sípíkà. Ó sọ fún ọ pé ìgbẹ́ òun dúdú. Ohùn rẹ ṣì wà ní etí mi: "Oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn ni, Màmá. Gbogbo ẹni tó ń lò ó ló ń yàgbẹ́ dúdú. Ẹ má da ara yín láàmú." O ò béèrè bó ṣe dúdú tó. O ò béèrè bóyá ó ń lẹ̀. O ò béèrè òórùn rẹ̀. O ń sáré lọ síbi iṣẹ́, o pa fóònù. Èmi náà gbọ́, mi ò sì dìde nídìí ẹ̀wà mi, nítorí mo mọ̀ pé lóòótọ́ ló ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára. Ohun tí mi ò mọ̀ ni oògùn tó ń gbẹ́ ikùn rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a ò rí i kó jáde. Múrí ọmọ rẹ̀ ló já ilẹ̀kùn. Ó jókòó sílẹ̀, ètè rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ tutù, ó ń làágùn, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń sáré débi pé mi ò lè kà á. Mo gbọ́ òórùn náà kí n tó wo ohun tó yà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi mọ òórùn yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gba inú ìfun kọjá ni. Múrí pọ̀n ọ́n bí ọmọ títí dé ẹnu títì, a fi kẹ̀kẹ́ gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ lára Múrí fún un.

O wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ mọ́ tónítóní. Dókítà béèrè níṣojú gbogbo wa pé oògùn wo ló ti ń lò. Ìyá Múrí fúnra rẹ̀ ní oògùn àyà tí wọ́n kọ fún òun, oògùn ẹ̀jẹ̀, àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Dókítà tún bi í pé ṣé kò lo oògùn ìrora kankan. Ó wo ojú rẹ. Mo rí i nígbà tó wò ọ́, mi ò kàn mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni. Ó ní, "Kò sí o, dókítà." Ìwọ, Ṣẹrí, o wo bàtà rẹ.

Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀bi ti ṣubú lé obìnrin alágbo tó ń jókòó ní Apọ́ngbọ̀n, ará Ìjẹ̀bú tó máa ń fún ọ ní orógbó nígbà tí o wà ní kékeré. Àná ni Múrí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bá a, wọ́n da àgbo rẹ̀ sí gọ́tà, wọ́n fọ́ ìgò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ìyá Múrí ra àgbo lọ́wọ́ òun nínú oṣù yìí. Ta ló fẹ́ gbọ́? Olórí ẹbí ti ń múra láti bá ìyálọ́jà sọ ọ́ kó má pàtẹ síbẹ̀ mọ́. Obìnrin náà ò mọ nǹkankan. Ìwọ lo mọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún Ìyá Múrí ò dúró. Àwọn dókítà ń wo ara wọn, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lílà inú. Láàárọ̀ òní mo lọ tún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣe, mo gbé ìrọ̀rí, mo bá nílọ́nù rẹ lábẹ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìyá Ṣẹrí, dákun fi í pamọ́. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Orúnkún ló ń dùn mí lánàá, ni mo bá lo méjì." Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i ní apá, ó sì ń gbé ohun tó ń lé ẹ̀jẹ̀ náà jáde mì, nítorí pé ìwọ lo fún un. Ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ ju gbogbo ilé ìwòsàn lọ.

Mi ò fi í pamọ́. Mo gbé e fún dókítà lójú ẹsẹ̀. Ó bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ pupa, díkílófẹ́nákì ni, oògùn ìrora. Mo mọ yẹ́lò, fítámì lásán ni. Àwọn funfun kékeré méjì yẹn kò ní àmì, kò ní páálí, èmi tí mo fi oògùn ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún wò wọ́n lójú oòrùn, mi ò mọ̀ wọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù tí àwọn oní-kẹ́mísì máa ń jù sínú oògùn oríkèé, a jẹ́ pé ìwọ lo fi iná sí orí iná, a kì í sì í dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró lójijì bó bá ti pẹ́ lára. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú rẹ̀ ti fẹ́ máa dá, ṣùgbọ́n nígbà tí òun bá ń yí wọ́ọ̀dù ká láàárọ̀ ọ̀la, òun fẹ́ mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹni tó pò ó yóò wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìwọ ni ẹni náà.

Ìmọ̀ràn wá kù. Mo fẹ́ kà á ní ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ìbínú bá mú mi fo ọ̀kan, bá mi kà á.

Ìkíní, oògùn ìrora kì í ṣe gúgúrú. O kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, o yege nínú rẹ̀, ó wá dà bíi pé ìwé ìdánwò lo kọ́ ọ fún. Omi kíkan tó wà nínú ikùn lè jẹ ẹran. Ohun tí kò jẹ́ kó jẹ ikùn fúnra rẹ̀ ni ohun yíyọ̀ kan tó bo ara ikùn bí ọbẹ̀ ilá ṣe ń bo ìsàlẹ̀ ìkòkò. Díkílófẹ́nákì, àti gbogbo àwọn ẹbí rẹ̀, ń dá ara dúró kó má ṣe ohun yíyọ̀ náà mọ́. Oúnjẹ tí o ní kí wọ́n jẹ kí wọ́n tó lò ó dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè gba ikùn là. Ìyá Múrí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Asipirín kékeré wà lára oògùn àyà tó ń lò lójoojúmọ́, ẹbí kan náà sì ni. O fi méjì lé ara wọn nínú ikùn arúgbó, o ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí o tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ìrora, bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, ṣé ọgbẹ́ inú ti ṣe é rí, kí ló tún ń lò. Ìbéèrè mẹ́ta. Wọn ò gba àkókò tó èyí tí o fi ń gé oògùn.

Ìkejì, antásíìdì ò wo ọgbẹ́ tí ohun tó dá a ṣì ń wọlé lójoojúmọ́. Omi kíkan tó bá bá níbẹ̀ lásìkò yẹn ló ń pa, nígbà tó bá ṣe díẹ̀, òmíràn á tún sun. Ìrora ló ń pariwo olè, ìwọ fi oògùn funfun dí i lẹ́nu, olè ń jalè lọ. Má sì ṣe fún ènìyàn ní antásíìdì pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó máa ń di àwọn mìíràn mú kí wọ́n má wọ ara. Fi bíi wákàtí méjì sáàárín wọn. Èyí tó ń dá omi kíkan dúró láti orísun rẹ̀ ni ọmẹpurasóòlù, ìyẹn sì ní ìgbà tirẹ̀: bí ìdajì wákàtí kí oúnjẹ àárọ̀ tó wọlé, kí wọ́n gbé e mì lódindi. Mo ti rí nọ́ọ̀sì tó ń lọ̀ ọ́ kúnná fún aláìsàn nítorí pé kò rọrùn láti gbé mì. Bí o bá lọ̀ ọ́, omi kíkan á ti jẹ ẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ. Wàá kàn máa da oògùn nù ni.

Ìkẹta, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú, Ṣẹrí, kì í ṣe fóònù. Òótọ́ ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ṣùgbọ́n èyí máa ń dì, ó máa ń fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀. Ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ń dán bí ọ̀dà tí wọ́n ń dà sí títì, ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, omi kì í tètè gbé e lọ, òórùn rẹ̀ á sì bá ọ lẹ́nu ọ̀nà. Bí o kò bá lè wá, bi wọ́n léèrè. Bí èsì wọn ò bá dá ọ lójú, ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó bá kórìíra ìgbẹ́ kó lọ ta aṣọ ní Balógun. Ibẹ̀ mọ́ ju ibi iṣẹ́ wa lọ.

Ẹni tó ní òun ò rí ìgbẹ́ yà, má sáré fún un ní oògùn tó ń ṣí inú. Bi í bóyá ó ń bì, bóyá inú rẹ̀ wú, bóyá ó ṣì ń só. O rẹ́rìn-ín? Ẹni tí kò lè só mọ́ tí inú rẹ̀ sì ń dùn ún, ìfun rẹ̀ lè ti dí, oògùn tí o fún un á wá máa ta ìfun tí kò ní ọ̀nà. Ó lè bẹ́. Ilé ìwòsàn ni ibi tí irú wọn ń lọ.

Oògùn èébì náà ńkọ́? Nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, wọ́n gún ọmọbìnrin kan ní abẹ́rẹ́ èébì. Kò pẹ́, ọrùn rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ yí sókè, ahọ́n rẹ̀ yọ síta. Ìyá rẹ̀ ní ayé ti dé. A ti ń wá ààfáà nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà kan wọlé, ó wo ṣáàtì, ìwé tí a ń kọ ìtọ́jú aláìsàn sí, ó ní abẹ́rẹ́ yẹn ni, ó máa ń ṣe àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún un ní ohun tó ń tú u, ọrùn padà. Kì bá tí padà bí wọn ò bá kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Ṣé o rí ohun tí mò ń sọ? Ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀ ló gba ọmọ yẹn là. Mi ò mọ iye tí mo ka dé mọ́, ṣùgbọ́n èyí ni olórí gbogbo wọn: oògùn tó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ gbọ́dọ̀ wà nínú páálí rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ hàn, kí ẹni tó gbà á mọ ohun tó wà fún. Nílọ́nù tí kò ní orúkọ, bí aṣọ ìbòjú ni, ojú ìwọ tí o pò ó ló ń bò. Jó bàágì yẹn níná nígbà tí dókítà bá ti wo inú rẹ̀ tán.

Má sì fọwọ́ sí ṣáàtì kí oògùn tó dé ọ̀fun aláìsàn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é níbi iṣẹ́ yín, torí níbi iṣẹ́ wa náà wọ́n ṣe é.

O lè máa sọ lọ́kàn pé ìyá yìí le jù, pé òun náà á ti ṣe àṣìṣe tirẹ̀. Mo ṣe é. Jókòó dáadáa kí o gbọ́ ọ, nítorí mi ò sọ ọ́ fún bàbá rẹ títí tó fi kú.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ìyàwó tuntun ni mí nínú agbo ilé yìí, nọ́ọ̀sì tuntun sì ni mí. Èmi náà ni wọ́n ń tò wá bá. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni Múrí, ó ń ṣu gbuuru. Ìyá rẹ̀ ń lọ sí ọjà, ó gbé e tì mí di ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sán ni mo ní lọ́jọ́ náà, mo ti wọṣọ tán, ẹlòmíràn ni mo fẹ́ gbé ọmọ náà fún, ló bá ṣu sí aṣọ funfun mi. Inú bí mi. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni mo yẹ kí n máa fún un, díẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí, títí ara rẹ̀ á fi padà bọ̀ sípò. Ó gba sùúrù, mi ò ní in. Mo ní lopẹ́rámáídì tí mo mú láti wọ́ọ̀dù, oògùn àgbàlagbà tó ń mú ìfun sùn. Mo dá a sí méjì, mo lọ ààbọ̀ sínú ẹ̀kọ mímu rẹ̀. A kì í fún ọmọ tó kéré báyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbẹ́ dá. Gbogbo ilé yìn mí. Ní ọjọ́ kejì ikùn ọmọ náà wú, ó le gbandi, ó ń bi omi aláwọ̀ ewé, kò lágbára láti sunkún. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n bi wá pé kí ni ó lò. Èmi ni nọ́ọ̀sì, èmi ni mo dáhùn. Mo ní kò lo nǹkankan, ẹ̀kọ lásán ló mu. Wọ́n rò pé ìfun rẹ̀ ló lọ́. Wọ́n la inú rẹ̀. Wọn ò bá ohunkóhun níbẹ̀, ìfun kàn sùn ni, wọ́n tún inú rẹ̀ rán. Bí mo bá ti sọ gbólóhùn kan, wọn ì bá fún un ní omi, wọn ì bá dúró kí ìfun náà jí fúnra rẹ̀.

Àpá tó gùn láti òkè ìdodo Múrí wá sí ìsàlẹ̀, tí ẹ̀yin ọmọdé fi ń pè é ní Onísíìpù bó bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì láti wẹ̀, èmi ni mo là á. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń wọ yàrá lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo rí ọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí o ń wo bàtà rẹ, kò yé mi. Láàárọ̀ yìí tí mo rí nílọ́nù, ó yé mi. Ìdúró mi lo dúró yẹn. Èyí ló bí mi nínú jù lọ, Àṣàkẹ́. Mi ò fi ogún yẹn sílẹ̀ fún ọ.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Múrí lọ́sàn-án òní, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ń retí kó ṣépè. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní kí ni ẹ mọ̀.

Ó ní, "Èmi ni mo fọ aṣọ funfun rẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo bá ààbọ̀ oògùn nínú àpò rẹ̀. Mo mú un lọ fi han kẹ́mísì, ó sọ ohun tó jẹ́ fún mi." Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi bi mí, tí kò fi sọ fún ọkọ mi, tí kò fi lé mi jáde nínú ilé bàbá wọn. Ó ní òun rò pé màá sọ ọ́ fúnra mi. Òun rò pé bóyá lọ́sẹ̀ kejì, bóyá nígbà tí ọmọ bá rìn, bóyá nígbà tí mo bá bí tèmi. "Mi ò mọ̀ pé yóò pẹ́ tó báyìí." Ó yíjú sí ògiri, mo rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ti ọmọ yẹn, sọ fún un kó tètè wá. Mi ò lágbára ìdúró mọ́."

Ohun tí mo ní í sọ nìyẹn. Wọ́n lè bá ọ wí níbi iṣẹ́. Wọ́n lè ní kí o lọ. Bí wọ́n bá ní kí o lọ, máa bọ̀ nílé, mo ṣì ń se ẹ̀wà. Ọwọ́ òsì ni mo fi bá ọ wí láti òkè wá, ọwọ́ ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀, kò lọ ibì kankan. Ṣùgbọ́n dókítà ni wàá kọ́kọ́ rí, Ìyá Múrí ṣìkejì, lẹ́yìn náà obìnrin alágbo yẹn, ní Apọ́ngbọ̀n, lójú ọjà, níbi tí wọ́n ti fọ́ ìgò rẹ̀.

O ò ní dá lọ. Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá fún ọ, Múrí ni. Mo ti sọ tèmi àti tìrẹ fún òun náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó fi ọwọ́ kan inú rẹ̀ láti orí ṣẹ́ẹ̀tì, kò bú mi, kò sì ní kò sí wàhálà. Ó ní kí n kọ ọ́ tán kí òun mú un lọ, nítorí òun náà ní ẹni tí òun fẹ́ lọ bẹ̀ lójú ọjà.

Èmi ni ìyá rẹ, tí inú ṣì ń bí.

Má tún lẹ́tà yìí kà. Mo ní kí Múrí má wọlé títí wàá fi kà á tán, ẹnu ọ̀nà rẹ ló wà yẹn. Gbé bàágì oògùn náà, wọ bàtà tí o wò lọ́jọ́ Jímọ̀, kí o máa tẹ̀lé e bọ̀.